Kálísíọ̀mù, Ẹ́ńsáìmù àti Àkèré Eléèékánná láti Èkó dé Douala

Ní ọdún 1864, John Edward Gray, onímọ̀ ẹranko ní Lọ́ńdọ̀nù, sọ àkèré kékeré kan tí wọ́n kó wá láti Èkó lórúkọ. Xenopus tropicalis ni a mọ̀ ọ́n sí lónìí. Inú omi ni ó ń gbé, kò ní ahọ́n, èékánná dúdú sì wà ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Òun àti àwọn ìbátan rẹ̀ ni wọ́n wá di ohun èlò fún ìbéèrè ńlá kan: kí ni ó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì kan nínú ọlẹ̀ di awọ, tí èkejì rẹ̀ sì di iṣan ìmọ̀lára?

Ní Jámánì, ní 1924, Hans Spemann àti Hilde Mangold gé ẹran díẹ̀ lára ọlẹ̀ newt, ìbátan àkèré tí ó ní ìrù, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíràn. Ọlẹ̀ kejì náà hu ọpọlọ mìíràn. Mangold kú ní ọdún yẹn kan náà. Spemann nìkan ni ó gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1935. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wo ni ẹran náà jẹ́ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì? Ní àwọn ọdún 1960, Lester àti Lucena Barth rí i ní Amẹ́ríkà pé bí a bá yí iyọ̀ inú omi tí sẹ́ẹ̀lì àkèré wà padà, èyí tí ìbá di awọ lè di iṣan, láìsí ẹran kankan nítòsí.

Kálísíọ̀mù, tí ó mú eegun le, fi nǹkan bí ìlọ́po 10,000 pọ̀ ní ìta sẹ́ẹ̀lì ju inú rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó bá wọlé jẹ́ àmì tí ó hàn kedere. Láti àwọn ọdún 1990 ni Marc Moreau àti Catherine Leclerc, ní Toulouse ní ilẹ̀ Faransé, ti ń fi hàn pé kálísíọ̀mù ń wọ àwọn sẹ́ẹ̀lì tí yóò di ọpọlọ, àti pé bí a bá ti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pa, iṣan kì í hù bí ó ti yẹ. Bí ó bá ti wọlé, purotéènì calmodulin yóò gbá a mú, yóò sì jí àwọn ẹ́ńsáìmù. CaM kinase II a máa so fọ́sífétì mọ́ àwọn purotéènì. Calcineurin a máa já a kúrò. Ṣáájú èyí, ní 1988, Arie Otte àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Netherlands ti tọ́ka sí ẹ́ńsáìmù protein kinase C. Kálísíọ̀mù nìkan kọ́ ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ó dájú: ní 1992, William Smith àti Richard Harland rí noggin, tí ó ń dí àṣẹ “di awọ” lọ́wọ́. Bí ọ̀nà méjèèjì ṣe pàdé ṣì ń fa àríyànjiyàn.

Xenopus laevis ti gúúsù Áfíríkà ni wọ́n lò jù, ṣùgbọ́n kúrómósómù rẹ̀ jẹ́ 36, ọ̀pọ̀ jíìnì rẹ̀ sì ní ìbejì. Bí a bá pa jíìnì ẹ́ńsáìmù kan, ìbejì rẹ̀ lè gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ti Èkó ní 20 péré. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ka gbogbo jíìnì rẹ̀, láti ara ìran kan tí ó wá láti Nàìjíríà, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2010.

Bí a bá tọ etíkun lọ sí ìlà-oòrùn títí dé Kamẹrúùnù, ọ̀rọ̀ yí padà. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń pe àkèré etíkun ibẹ̀ ní tropicalis, títí Ben Evans àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi yà á sọ́tọ̀ ní 2015, tí wọ́n sì dá orúkọ Xenopus calcaratus tí a fún un ní 1875 padà. Kúrómósómù tirẹ̀ jẹ́ 40. Lórí òkè Manengouba, ní àríwá Douala, Xenopus amieti ní 72. Akẹ́kọ̀ọ́ Douala tí ó bá mú àkèré nínú odò láti wo iṣẹ́ calcineurin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka iye ẹ̀dà jíìnì náà tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.