Láti Ẹgbẹ́ Àwọn Lédì dé Ẹgbẹ́ Obìnrin Nàìjíríà

Bí a bá dárúkọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti láàrin àwa ọmọ Yorùbá lónìí, ohun méjì ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ sọ sí ni lọ́kàn: pé òun ni ìyá Fẹlá, àti pé wọ́n ní òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní Nàìjíríà. Ti ọkọ̀ wíwà yẹn kò jẹ mí lógún rárá. Ohun tí ó yẹ kí á máa bi ara wa ni bí ẹgbẹ́ kan tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti oúnjẹ sísè ṣe di ẹgbẹ́ tí ọba gòkè fún, tí ó sì tàn kálẹ̀ dé Kánò àti Ẹnúgu. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ìtàn náà wò.

Ẹgbẹ́ kì í ṣe ohun àjèjì lọ́dọ̀ Yorùbá. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, kí ìjọba òyìnbó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, àwọn Ògbóni, àwọn Olóógun àti àwọn Pàrakòyí ni wọ́n jọ ń bá ọba tún ìlú ṣe. Àwọn obìnrin náà kò ṣàìní ohùn. Ní ọdún 1864 ni wọ́n fi Ẹfúnróyè Tinúubú jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá nítorí ipa tí ó kó nínú ogun Dahomey. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Ẹ̀gbá ní ọdún 1914, tí ó sì wá di pé Aláké nìkan ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí aláṣẹ ìlú, kò sí àyè fún obìnrin mọ́ níbi tí wọ́n ti ń gbìmọ̀. Oyè Ìyálóde ṣì wà lórúkọ, àṣẹ inú rẹ̀ ni kò sí mọ́.

Ọdún 1900 ni a bí Fúnmiláyọ̀ ní Abẹ́òkúta. Ó wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà sí Abeokuta Grammar School ní ọdún 1914, ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1919, ìgbà tí ó sì padà dé ní ọdún 1922, ó ti pa Frances Abigail tì, Fúnmiláyọ̀ ni ó ń jẹ́. Ní ọdún 1925 ni ó fẹ́ Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, àlùfáà àti olùkọ́ tí ó di ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà ní ọdún 1931. Wọ́n gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde fún ọdún mélòó kan, wọ́n sì padà sí Abẹ́òkúta ní ọdún 1932 nígbà tí ọkọ di ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ Grammar School. Àsìkò yìí ni ìyàwó kó àwọn obìnrin kan jọ, tí wọ́n sì sọ ẹgbẹ́ wọn ní Abeokuta Ladies' Club.

Orúkọ ẹgbẹ́ náà ti fi irú àwọn tí ó wà níbẹ̀ hàn. Ìyàwó àlùfáà ni, olùkọ́ ni, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àná ni. Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n, wọ́n mọ ìwé, wọ́n sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ń kọ́ ara wọn ní iṣẹ́ ọwọ́, oúnjẹ sísè àti ìwà ọmọlúàbí bí àwọn ẹlẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà ṣe rí i. Èmi kò bá wọn wí fún èyí. Ẹgbẹ́ ìgbafẹ́ tí ó tún ń ṣe oore pọ̀ ní ìlú gbogbo nígbà náà, Èkó gan-an kún fún wọn. Síbẹ̀, àwọn ìyá tí ó ń pa aró, tí ó ń ta ìrẹsì, tí ó ń ru ẹrù láti oko wá sí ọjà, kò sí èyí tí ẹgbẹ́ náà kàn nínú wọn.

Ọdún 1944 ni ọ̀rọ̀ yí padà, ìwé kíkà ni ó sì yí i padà. Obìnrin ọlọ́jà kan fẹ́ mọ ìwé, ìròyìn náà sì dé etí Ìyá Ransome-Kuti. Ó gbà láti kọ́ ọ. Láìpẹ́, ẹgbẹ́ àwọn lédì ti ní kíláàsì fún àwọn àgbàlagbà, àwọn ọlọ́jà sì ń wọlé, wọ́n ń jókòó ti a, b, d. Ẹni tí ó bá ti kọ́ àgbà ní ìwé rí yóò mọ̀ pé kì í ṣe lẹ́tà nìkan ni wọ́n ń kó wá sí kíláàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ ń sọ ti ilé, ó ń sọ ti ọjà. Ogun Hitler ṣì ń lọ lọ́wọ́, ìjọba ń fi owó kékeré gba oúnjẹ fún àwọn ọmọ ogun, àwọn akódà sì ń já ìrẹsì gbà lọ́wọ́ àwọn tí ó ń tà á. Àwọn lédì tí wọ́n wá kọ́ni di ẹni tí ń gbẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ ìrẹsì náà tọ ìjọba lọ, wọ́n gbé e dé inú ìwé ìròyìn, títí ìjọba fi dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Lẹ́yìn èyí, orúkọ àtijọ́ kò bá ara mu mọ́. Ní ọdún 1946 wọ́n yí i padà sí Abeokuta Women's Union, wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn fún obìnrin gbogbo ní Abẹ́òkúta, ì báà jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, Mùsùlùmí tàbí olórìṣà. Èrò mi ni pé ìyípadà orúkọ yìí ju bí a ti ń kà á lọ. Ní Èkó ní àkókò kan náà, Alímọ̀tù Pẹlẹ́wùrà ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jà, Oyinkan Abayọmi sì dá Nigerian Women's Party sílẹ̀ ní ọdún 1944 pẹ̀lú àwọn obìnrin tí ó kàwé. Ẹgbẹ́ méjì náà ṣiṣẹ́ gidi, ṣùgbọ́n méjì ni wọ́n jẹ́. Ní Abẹ́òkúta, inú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti ẹni tí kò gbọ́ ọ ti pàdé.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń ṣe ìpàdé. Ìyá Ransome-Kuti fúnra rẹ̀ pa kaba òyìnbó tì, ìró àti bùbá ni ó ń wọ̀, ó sì di pé bí ó bá ń bá àwọn aláṣẹ òyìnbó sọ̀rọ̀, Yorùbá ni yóò sọ, ẹni tí kò bá gbọ́ kí ó wá ògbufọ̀. Obìnrin tí ó kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe èyí nítorí àìgbédè. Olúkúlùkù ń san owó ẹgbẹ́, láti inú owó yìí ni wọ́n sì ti ń san ti agbẹjọ́rò nígbà tí wọ́n bá dé kóòtù. Ìgbìmọ̀ wà láàrin, aṣojú sì wà ní àdúgbò àti ní ọjà, tó bẹ́ẹ̀ tí ìròyìn fi ń dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàrin wákàtí díẹ̀. Ẹniọlá Ṣóyínká, ìyá Wọlé Ṣóyínká, wà lára àwọn aṣáájú. Ọmọ rẹ̀ tí ó ń wòran nígbà náà ni ó kọ ohun tí ó rí sínú ìwé Aké ní ọdún 1981. Ẹgbẹ́ náà sọ pé àwọn tó 20,000. Kíláàsì ìwé kò dúró, wọ́n sì tún ń tọ́jú aláboyún àti ọmọ wẹ́wẹ́.

Owó orí ni ó fa ìjà ńlá. Láti ọdún 1918, ọdún ogun Adúbí, ni àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti ń san owó orí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn kì í kà á mọ́ ti ọkọ. Ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í san án ní ọmọ ọdún 15, ọmọkùnrin ní 16. Àwọn obìnrin fẹ̀sùn kan àwọn agbowó orí pé wọ́n ń ya wọ inú ilé, pé wọ́n ń tú ọmọbìnrin sí ìhòhò kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ti tó san. Wọ́n ń san owó, síbẹ̀ wọn kò ní ẹnìkan ní ìgbìmọ̀ tí ó ń ná an. Nígbà tí àwọn aṣojú ẹgbẹ́ lọ bá Aláké Adémọ́lá Kejì ní ọdún 1946, owó orí tún lé sí i. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀sùn lórí ìwé ẹ̀sùn. Ohun tí ó wú mi lórí jù ni pé wọ́n gba oníṣirò owó láti yẹ ìwé owó ìjọba Aláké wò. Àwọn tí wọ́n ń pè ní aláìmọ̀wé ni wọ́n ní kí ìjọba mú ìwé rẹ̀ wá.

Nígbà tí ìjọba kò fún wọn láyè láti wọ́de, wọ́n ní fàájì ni àwọn ń lọ ṣe, wọ́n ní ọdún ni àwọn ń ṣe. Wọ́n kọ́ ara wọn bí a ṣe ń bo ojú nígbà tí ọlọ́pàá bá yin tajútajú, àti bí a ṣe ń sọ ọ́ padà. Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 1947, ó ju 10,000 obìnrin lọ tí wọ́n sùn mọ́jú níwájú ààfin Aké, orin ni wọ́n sì fi ń sọ fún ọba ohun tí wọ́n ń rò nípa rẹ̀. Wọ́n tún padà wá ní oṣù kejìlá, wọn kò sì kúrò títí wọ́n fi dá àwọn tí wọ́n tì mọ́lé sílẹ̀. Ní ọdún 1948 àwọn Ògbóni náà kẹ̀yìn sí ọba. Aláké kúrò ní ìlú ní oṣù keje, ó lọ sí Òṣogbo, ó sì fi orí oyè sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1949. Owó orí àwọn obìnrin di ohun ìgbàgbé, obìnrin mẹ́rin sì bọ́ sí ìgbìmọ̀ tuntun, Ìyá Ransome-Kuti jẹ́ ọ̀kan. Èyí kò sọ pé ìjà parí: ní oṣù kejìlá ọdún 1950, ọba padà sórí oyè.

Ìròyìn ìṣẹ́gun yìí ni ó sọ ẹgbẹ́ Abẹ́òkúta di ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Àwọn obìnrin láti ìlú mìíràn ń kọ̀wé wá pé báwo ni ẹ ṣe ṣe é? Ní ọdún 1949 wọ́n dá Nigerian Women's Union sílẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀ sì ń yọ ní Ìlà-Oòrùn àti ní Òkè-Ọya. Margaret Ekpo ṣiṣẹ́ pọ̀ pẹ̀lú wọn ní Aba, Gambo Sawaba náà sì wá láti Òkè-Ọya sí Abẹ́òkúta láti rí Ìyá Ransome-Kuti. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1953, nǹkan bí 400 aṣojú láti ẹkùn 15 péjọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì so àwọn ẹgbẹ́ pọ̀ sí Federation of Nigerian Women's Societies. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí obìnrin dìbò, kí obìnrin sì jókòó níbi tí wọ́n ti ń ṣòfin.

Ṣùgbọ́n ibi tí agbára ẹgbẹ́ ti wá náà ni àìlera rẹ̀ ti wá. Ẹnìkan ṣoṣo ni ààrẹ, òun náà ni ó sì jẹ́ ààrẹ títí ó fi kú. Bí òṣèlú ṣe mú un, bẹ́ẹ̀ ni ó ń mú ẹgbẹ́. Ní ọdún 1957, ìjọba kọ̀ láti tún ìwé ìrìnnà rẹ̀ ṣe nítorí pé ó lọ sí Ṣáínà. Ní ọdún 1959 ó bá NCNC jà lórí ipò olùdíje, ó jáde dá dúró, kò sì wọlé. Ní àkókò yìí kan náà ni National Council of Women's Societies dìde ní Ìbàdàn, ẹgbẹ́ tí ó ní òun kò bá òṣèlú lọ, tí àwọn aláṣẹ sì fara mọ́ jù. Ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni Kófowórọlá Adémọ́lá, ìyàwó adájọ́ Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, ọmọ Aláké tí àwọn obìnrin lé lọ sí Òṣogbo. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó pè é ní kòńgẹ́.

Àwọn obìnrin Ìlà-Oòrùn rí ìbò dì ní ọdún 1954, gbogbo obìnrin Ìwọ̀-Oòrùn sì rí i dì ní ọdún 1959. Àwọn obìnrin Òkè-Ọya tí ẹgbẹ́ náà ti ń jà fún láti ìgbà tí ó ti ní ẹ̀ka ní Kánò kò rí i gbà títí di ọdún 1976, lábẹ́ ìjọba ológun, ọdún méjì kí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti tó kú.