Ìtàn Ìṣẹ̀dálẹ̀ Ẹgbẹ́ Prostate Cancer UK àti Ọ̀nà Tí Owó Ìwádìí Fi Ń Jáde

Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni bàbá ìtàn. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ Prostate Cancer UK ti pé ọgbọ̀n ọdún ní 2026, mo rí i pé ó yẹ kí n kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ láì gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, kí ẹni tí ó gbọ́ ọ fìrí tó máa pa á bí ó ti wù ú.

Jonathan Waxman, oníṣègùn jẹjẹrẹ ní Hammersmith Hospital, ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ni ó dá a sílẹ̀ ní 1996, The Prostate Cancer Charity sì ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Àrùn jẹjẹrẹ prostate, tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀yà ara kékeré kan lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, kì í sábà dun ènìyàn ní ìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni baálé ilé kì í fẹ́ sọ ọ́ síta. Lẹ́yìn Waxman, John Neate, Owen Sharp, Angela Culhane àti Laura Kerby ti tukọ̀ ẹgbẹ́ náà, ẹni iyì ni gbogbo wọn. Ní 2012 ni wọ́n so pọ̀ mọ́ Prostate Action, tí wọ́n sì gba orúkọ tí a mọ̀ lónìí.

Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí: àwọn tí ń sáré, àwọn tí ó kọ ẹgbẹ́ náà sínú ìwé ìhágún, àwọn tí ń dá irunmú sí ní oṣù Kọkànlá, ni ó ń dá owó ìwádìí jọ, Jeff Stelling, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, fi ọjọ́ mẹ́wàá rìn láti Hartlepool dé Wembley ní 2016 nítorí rẹ̀. Onímọ̀ tí ó bá ń fẹ́ owó yóò kọ̀wé, àwọn onímọ̀ mìíràn tí kò bá a tan yóò tú ìwé náà wò, àwọn ọkùnrin tí àrùn ti bá fínra yóò sì fi ohùn sí i, kí ìgbìmọ̀ tó dá a lẹ́jọ́.

Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó wù mí jù láti máa rò ni ti ìwádìí TRANSFORM, èyí tí wọ́n kéde ní 2023 pẹ̀lú mílíọ̀nù 42 pọ́n-ùn, tí mílíọ̀nù 16 nínú rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ àjọ ìwádìí ìlera ìjọba wá, láti mọ àyẹ̀wò tí ó dára jù nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní PSA, àwòrán MRI tí kì í pẹ́ àti àyẹ̀wò itọ́ ẹnu, lára ọkùnrin tí ó lè tó 300,000. Ó kéré tán, ẹnìkan nínú mẹ́wàá tí wọ́n bá pè gbọ́dọ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹnìkan nínú mẹ́jọ ni àrùn yìí ń mú láàrin ọkùnrin Ìlú Ọba, ẹnìkan nínú mẹ́rin sì ni láàrin àwọn dúdú. Àwa ọmọ Oòduà, ọmọ káàárọ̀-oòjíire tí ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Síbẹ̀, ní oṣù Kọkànlá 2025, ìgbìmọ̀ tí ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí àyẹ̀wò wí nínú àbá rẹ̀ pé ẹ̀rí kò tíì tó láti máa ṣe àyẹ̀wò fún ọkùnrin dúdú lápapọ̀. Mo gbọ́ ẹjọ́ wọn, n kò sì fara mọ́ ọn: àwọn ìwádìí ńlá ìṣáájú kò fi bẹ́ẹ̀ gba dúdú wọlé, ibo ni ẹ̀rí yóò ti wá? A kò pe ènìyàn síbi àsè, a wá ń bi í bí ọbẹ̀ ti dùn sí. Ní ti TRANSFORM, ẹnikẹ́ni kì í yọ̀ǹda ara rẹ̀; ẹni tí dókítà rẹ̀ bá kọ̀wé sí ni ó ń lọ, àwọn yòókù láti ẹni ọdún 50, àwa dúdú láti ẹni ọdún 45.