Ìṣirò Tí A Ń Fi Ẹnu Ṣe ní Barking àti Dagenham

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, tí ẹ bá ní ẹbí ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Barking tàbí Dagenham ni wọ́n ń gbé. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló wà níbẹ̀. Àdúgbò yìí ní ìtàn kan tó yẹ ká mọ̀, nípa bí wọ́n ṣe tún ẹ̀kọ́ ìṣirò ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1988, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin tó fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní England àti Wales ní ètò ẹ̀kọ́ kan náà. Òfin yìí sọ ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́, àmọ́ kò sọ bí olùkọ́ ṣe máa kọ́ ọ. Ní ọ̀pọ̀ kíláàsì, kálukú ọmọ ló ń ṣe ìṣirò tirẹ̀ nínú ìwé tirẹ̀. Ọmọ tí kò yé lè jókòó jẹ́ẹ́ títí aago á fi lù, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀.

Àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ ni Dagenham. Ọdún 1931 ni Ford ṣí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ síbẹ̀. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ń rẹ̀yìn nínú ẹ̀kọ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Nítorí náà, láàárín àwọn ọdún 1990, Roger Luxton àti Graham Last, pẹ̀lú Sig Prais, onímọ̀ ọrọ̀-ajé, ṣètò kí àwọn olùkọ́ lọ wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ ìṣirò ní Switzerland. Kí ni wọ́n rí? Olùkọ́ ń bá gbogbo kíláàsì sọ̀rọ̀ pọ̀. Ọmọ ń ṣírò lọ́kàn, á wá ṣàlàyé fún àwọn yòókù bó ṣe rí ìdáhùn. Wọ́n mú ọ̀nà yìí bọ̀ wálé.

Ní September 1999, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò ìṣirò káàkiri England: ìṣẹ́jú 45 sí 60 lójoojúmọ́, kí olùkọ́ sì máa kọ́ gbogbo kíláàsì pọ̀. Kì í ṣe Barking àti Dagenham nìkan ló fa èyí, àmọ́ wọ́n ti ń ṣe é kó tó dé. Láti ọdún 2014 ni ètò ẹ̀kọ́ ti ní kí ọmọ mọ ìsọdipúpọ̀ dé 12×12 kó tó parí ọdún kẹrin. Ní 2022, ìdánwò rẹ̀ di dandan: ìbéèrè 25, ìṣẹ́jú-àáyá 6 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ṣàkíyèsí pé òfin lè fi dandan lé ìdáhùn. Ṣùgbọ́n “báwo lo ṣe rí i?” ń fẹ́ olùkọ́ tó máa dúró gbọ́.

Yorùbá náà mọ irú ìṣirò yìí. Kí ni 45? Márùndínláàádọ́ta: ẹ ti yọ 5 kúrò nínú 50. Àádọ́ta ńkọ́? Ogún mẹ́ta ni, tí a yọ 10 kúrò. Ọ̀nà tí a gbà ṣírò wà nínú orúkọ náà. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ bi àwọn òbí yín bí wọ́n ṣe ń ka 75 àti 135, kí wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ fún yín.