Ẹ̀kọ́ Ọdún Mẹ́fà ní Mọdákẹ́kẹ́

Ní oṣù kìíní ọdún 1970, àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kìíní ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́, Ilé-Ifẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tó yàtọ̀ pátápátá sí ti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Èdè Yorùbá ni wọn yóò fi kọ́ wọn ní ìṣirò, ní sáyẹ́ǹsì àti ní ìmọ̀ nípa àwùjọ, títí wọn yóò fi jáde ní kíláàsì kẹfà. Gẹ̀ẹ́sì náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan lásán ni láàárín iṣẹ́ yòókù, olùkọ́ tó gbọ́ ọ dunjú ló sì ń kọ́ wọn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, ọmọ Ìsàlẹ̀-Èkó, ló ṣáájú iṣẹ́ náà ní Yunifásítì Ifẹ̀, Ford Foundation sì fowó tì í lẹ́yìn. Ohun tó ń dà á láàmú ni ìlànà tó wà nílẹ̀: ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ fún Yorùbá, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì gba gbogbo rẹ̀. Ìgbà tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ bí a ti ń ro nǹkan jinlẹ̀ kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ gan-an ni wọ́n ń pààrọ̀ èdè mọ́ ọn lẹ́nu. Láti ìgbà náà lọ, àkọ́sórí ló kù. Ọmọ á há ìdáhùn sórí, á kà á jáde geerege, ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá yí ìbéèrè náà padà díẹ̀, ó parí.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò lè wọ inú ìwé. Samuel Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, ó sì gbé gírámà jáde ní 1852. Ní 1859, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta. Ní 1875, àwọn míṣọ́nárì jókòó ní Èkó láti fẹnu kò lórí àkọtọ́. Òfin ẹ̀kọ́ ìjọba amúnisìn ọdún 1882 ló wá gbé Gẹ̀ẹ́sì síwájú, tó sì fi owó ìrànwọ́ ìjọba so mọ́ ọn. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ òbí ti gbà pé ọgbọ́n kan kò sí lẹ́yìn Gẹ̀ẹ́sì.

Ibi tí iṣẹ́ ti pọ̀ jù ní Mọdákẹ́kẹ́ ni ìwé kíkọ. Kò sí ìwé sáyẹ́ǹsì tí a lè gbé lé ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ́wọ́ ní Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni kò ní tó kí a kàn túmọ̀ ti òyìnbó. Ọmọ tó ti bá ìyá rẹ̀ sá kòkó, tó mọ ìgbà tí iṣu ń ta, ti ní ìmọ̀ nípa oòrùn, omi àti ilẹ̀ kó tó dé kíláàsì. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìṣirò náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ka márùndínláàádọ́ta ti yọ márùn-ún kúrò nínú àádọ́ta kó tó mú kálámù, àwọn ìyá ọlọ́jà sì ti ń fi irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ pín èrè tipẹ́tipẹ́. Àwọn olùkọ́ gan-an ní láti kọ́ ẹ̀kọ́ tuntun, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn fúnra wọn fi kọ́ sáyẹ́ǹsì. Èmi ka iṣẹ́ yìí sí ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ akọni tí a kì í sọ tó. Ó tún ń bá a lọ lẹ́yìn wọn: ní 1984, Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tó kó àwọn ọ̀rọ̀ ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni jọ fún àwọn olùkọ́.

Nígbà tí wọ́n wọn àbájáde, àwọn ọmọ kíláàsì Yorùbá ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lọ nínú ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì fà sẹ́yìn. Àwọn kan ní olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì àkànṣe ló gbé wọn ga. Ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ nínú ní ti Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n olùkọ́ yẹn kọ́ ló kọ́ wọn ní ìṣirò.

Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti 1977 gba èdè abínibí láyè ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan. Fáfúnwá di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990, ó sì ń pariwo ọ̀rọ̀ yìí títí tó fi kú ní 2010. Ní November 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà gbáko. Mínísítà ìgbà náà, Adamu Adamu, sọ pé yóò fẹsẹ̀ múlẹ̀ nígbà tí ìwé àti olùkọ́ bá wà.

Ní November 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, Tunji Alausa, kéde pé ìjọba ti fagi lé ìlànà 2022 náà, ó sì tọ́ka sí àwọn ọmọ tó ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Ìwé tí Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ròyìn iṣẹ́ Mọdákẹ́kẹ́ ti jáde láti 1989, ọdún mẹ́rìndínlógójì ṣáájú ìkéde náà.