Ọ̀rọ̀ Irin Lẹ́nu Ẹni Tí Ń Tú Ẹ́ńjìnnì

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi èdè Yorùbá kọ ìwé tí yóò tọ́ onítírélà sọ́nà, bí òun tìkara rẹ̀ ti lè tú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ palẹ̀ kí ó sì tún un tò, kí ó má tíì ṣí ìwé atúmọ̀-èdè. Kí ó dìde, kí ó ti Challenge gba Ring Road lọ, kí ó yà sọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì, ọmọ Ògún Lákáayé, tí ọ́ìlì ti rẹ aṣọ wọn, kí ó sì fetí sílẹ̀. Nítorí pé ní Ìbàdàn Mesí Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó ń wá ti gbó sí wọn lẹ́nu.

Bí èéfín aláwọ̀ aró bá ń yọ, wọn a ní ẹ́ńjìnnì náà ń mu ọ́ìlì. Bí ọ́ìlì bá ń kán sílẹ̀, wọn a ní ó ń jò. Alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀: èyí tí ń mu ọ́ìlì, nínú ni ó ti ń jó o, a sì lè ní láti tú u dé ìdí ríìngì àti sílíìfù tí písítìn ń rìn nínú rẹ̀; èyí tí ń jò, ó lè jẹ́ síìlì lásán. Ẹni tí ó bá fi àpólà gígùn rọ́pò irú ọ̀rọ̀ kúkúrú báyìí, òǹkàwé ni ó ṣe níbi.

Ríìngì, písítìn àti nọ́ọ̀sù ńkọ́? Kí wọ́n máa jẹ́ orúkọ tí wọ́n bá wọ̀lú, nítorí orúkọ yẹn ni a ó fi rà wọ́n ní Àráròmi, nítòsí Gate. Ibi tí ojú kò tó ni ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ti wúlò. Ẹ́ńjìnnì tí Rudolf Diesel ará Jámánì mú jáde ní 1897 kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná sí epo. Písítìn ni ó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí ooru rẹ̀ yóò fi kọjá 500 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, tí epo tí nọ́ọ̀sù bá tú sí i yóò sì gbiná fúnra rẹ̀. Ìfúnpọ̀ ni èmi yóò pe fífún afẹ́fẹ́ pọ̀ yìí. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò mọ̀ pé bí ríìngì bá ti jẹ, afẹ́fẹ́ yóò máa sá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tírélà kì yóò sì fẹ́ sítáàtì ní kùtùkùtù.

Ní 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe olóòtú rẹ̀, pèsè ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Irú rẹ̀ ni mo ń fẹ́ fún irin, kí àwọn ọ̀mọ̀wé Agbowó àti Bódìjà jókòó ti ọ̀gá mẹkáníìkì, nítorí pé “ó le jù” àti “ó dẹ̀ jù” tí mẹkáníìkì ń sọ tó fún ọwọ́ tí ó ti mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò tó fún ẹni tí ń fi ìwé kọ́ ọ, nígbà tí àlàfo tí béárìn ń fẹ́ fún ọ́ìlì jẹ́ ìdá díẹ̀ péré nínú ìdá ọgọ́rùn-ún mìlímítà kan.

Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, èmi yóò kọ ti ríìngì báyìí: “Ti ríìngì tuntun bọ inú sílíìfù ní òun nìkan, fi orí písítìn tì í kí ó lè tẹ́jú, kí o wá fi fíílà, irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àyè, wọn àlàfo ẹnu rẹ̀. Bí àlàfo náà bá kéré jù, ooru yóò mú kí ẹnu méjèèjì pàdé, ríìngì yóò sì ha sílíìfù.”