Ibi Tí Iyì Akọ̀wé UAC Ti Wá

Ní nǹkan bí ọdún 1950, ọmọ tó bá ríṣẹ́ akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ òwò United Africa Company (UAC) ti sọ òbí rẹ̀ di ẹni àpọ́nlé ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Owó oṣù kì í yẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ fọmọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í bèèrè ohun tí yóò fi bọ́ ọ. Àmọ́ ìlú oníṣòwò ni Èkó. Báwo ni irú ìlú bẹ́ẹ̀ ṣe wá ń fi iṣẹ́ àgbàṣe yangàn? Àlàyé tí a sábà ń gbọ́ ni pé ilé-iṣẹ́ ńlá ń tọ́jú ẹni, pé òyìnbó mọ ìtọ́jú òṣìṣẹ́. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà mìíràn tó dí ló kọ́kọ́ bí iyì yẹn, ìjà àwọn òṣìṣẹ́ àti òfin ìjọba ló sì fi kún un lẹ́yìn náà.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Sàró (àwọn tó padà wá láti Sierra Leone) àti Àgùdà (àwọn tó padà wá láti Brazil) ní ilé ìtajà tiwọn ní Màrínà àti Broad Street, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ará Jámánì, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. J. P. L. Davies jẹ́ atukọ̀ àti oníṣòwò, R. B. Blaize rí èrè òwò tó bẹ́ẹ̀ tó fi dá ìwé ìròyìn Lagos Times sílẹ̀ ní 1880. Ọkọ̀ ojú omi tó ń fi ooru ṣiṣẹ́, tó ń kó lẹ́tà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti 1852, ran oníṣòwò kékeré lọ́wọ́, nítorí ó lè fi àgbá epo díẹ̀ ránṣẹ́ láìní ọkọ̀ tirẹ̀. Àfi ìgbà tí owó epo bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, tí Bank of British West Africa sì ṣí ní 1894. Alfred Jones tó dá báńkì náà sílẹ̀ ló tún ń darí ọkọ̀ Elder Dempster, owó fàdákà tí a ń ná sì ń gba ọwọ́ báńkì kan náà wọ̀lú. Ní 1901 rélùwéè dé Ìbàdàn, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó sì tẹ̀lé e wọ ìgbèríko, wọ́n ń ra ọjà níbi tí ọmọ Èkó ti máa ń rà á wá fún wọn tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá ń gbé ara wọn mì: ilé-iṣẹ́ Lever Brothers ra Niger Company ní 1920, ó sì dà á pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ African and Eastern ní 1929. Bí UAC ṣe dáyé nìyẹn.

Ẹnìkan lè sọ pé àwọn ọmọ oníṣòwò ló fúnra wọn yan owó tó dájú. Ó ṣe tán, Davies wọ gbèsè kí báńkì tàbí rélùwéè kankan tó dé, oko kòkó ló sì padà fi ara rẹ̀ sí ní Ìjọn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n gbèsè ti wà nínú òwò láti ìgbà pípẹ́ láìlé ọmọ jáde nínú rẹ̀. Ohun tó yí padà ni pé èrè àárín ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ní ọkọ̀, tó ní báńkì, tó tún ń rajà lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ẹ wo àwọn tó ṣì lówó: Candido Da Rocha ta omi ní Kakawa, ó sì kó ilé jọ, S. H. Pearse ta eyín erin, ó kọ́ Elephant House sí Broad Street. Ohun tí ilé-iṣẹ́ ńlá kò fọwọ́ kàn ni wọ́n fi là. Àwọn obìnrin alásọ náà kò bọ́: wọ́n ń fi owó ìdúró gba aṣọ láwìn lọ́wọ́ UAC, wọ́n ń tà á káàkiri ọjà, bí ẹni ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ láìgba owó oṣù. (Kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní òṣìṣẹ́, nítorí náà kò sẹ́ni tó fún wọn ní owó ìfẹ̀yìntì.)

Ìtọ́jú tí a ń sọ yìí ńkọ́? Òyìnbó ló pọ̀ jù nípò ọ̀gá nígbà náà. Aláwọ̀ dúdú lè pẹ́ títí kó má kọjá tábìlì rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1950, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ UAC tí Nduka Eze jẹ́ akọ̀wé rẹ̀ yanṣẹ́ lódì, wọ́n sì gba àfikún owó. Nígbà tó di oṣù kejìlá, wọ́n tún gbìyànjú, ó já sí òfo, ẹgbẹ́ náà sì fọ́. Àwọn kan ń fi èyí sọ pé ìjà kò lérè. Ṣùgbọ́n àfikún oṣù kẹjọ kò wá kí wọ́n tó dìde, ẹni tó bá fẹ́ sọ pé inúure ló mú un wá ní láti sọ ìdí tí kò fi wá lọ́dún tó ṣáájú.

Wọ́n tún máa ń fi Ernest Shonekan ṣe ẹ̀rí ìtọ́jú yẹn, ẹni tó wọ UAC ní 1964 gẹ́gẹ́ bí amòfin, tó sì di olórí rẹ̀ ní 1980. Kò sí àní-àní pé ó mọṣẹ́. Àmọ́ òfin 1972 àti ti 1977, tó fi dandan mú àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè ta ìpín fún ọmọ Nàìjíríà, ló ti ṣílẹ̀kùn kó tó wọlé sí ipò náà. Unilever, tó jogún UAC lọ́wọ́ Lever, di ìpín tó ṣẹ́kù mú títí di 1994 kó tó tà á.