Ilé Ijó àti Ilé Ibùgbé ní Ìlú Èkó

Ìlù kan náà tí ó ń dùn mọ́ oníjó nínú ni ó ń lé oorun lójú ẹni tí yóò jí lọ sí ibi iṣẹ́ ní kùtùkùtù. Aáwọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní Èkó. Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ó yẹ kí a mọ bí àwọn méjèèjì ṣe di aládùúgbò.

Láti 1924 ni àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri ti ń pa ènìyàn ní Èkó. Nítorí èyí, ìjọba amúnisìn dá ìgbìmọ̀ àtúnṣe ìlú sílẹ̀ ní 1928. Ìgbìmọ̀ yìí ni ó la Yábà sílẹ̀ fún ibùgbé. Bẹ̀rẹ̀ láti 1955, ó tún ń wó àwọn ilé tí ó há gádígádí ní Erékùṣù Èkó, ó sì ń kó àwọn onílé àti ayálégbé lọ sí Sùúrùlérè.

Ibi tí èrò bá wọ́ sí ni ọjà ń wọ́ sí; bẹ́ẹ̀ náà ni orin. Bobby Benson dá Caban Bamboo sílẹ̀ ní òpópónà Ìkòròdú. Victor Ọláìyá fi Stadium Hotel ṣe ibùjókòó ní Sùúrùlérè. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ṣeré ní Kakadu ní Yábà, kí ó tó di pé ó sọ Empire Hotel ní Múṣin di Afrika Shrine. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó wà ní ẹ̀yìn odi. Àárín ilé ni wọ́n wà. Ara àdúgbò ni ó ń yan ẹja ní ẹnu ọ̀nà wọn, tí ó ń wa tasí, tí ó ń gbé ọtí. Nínú ilé kan náà, ìyàwó lè máa jẹun nínú ariwo tí kò jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ sùn.

Ní 2009, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà kalẹ̀ lórí ariwo. Ìlànà náà kò sọ pé kí a tú àdúgbò alámùúlùmálà ká. Òṣùwọ̀n tirẹ̀ ni ó fún un. Níbi tí ilé ibùgbé, ọjà àti ilé ìgbádùn bá ti wà pọ̀, ariwo kò gbọdọ̀ ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 55 lọ ní ọ̀sán, tàbí 45 ní òru. Agogo 10 alẹ́ ni òru sì bẹ̀rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni gbọ́nmi-si-omi-ò-to wà. Bí dẹ́síbẹ́ẹ̀lì bá fi 10 dín, etí ènìyàn a máa gbọ́ ìró náà bí ẹni pé ó ti dín sí ìdajì. Ṣùgbọ́n agogo 10 tí òfin ní kí ìró rọlẹ̀ ni ilé ijó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kún. Bí ilé ijó bá jẹ́ àgbàlá tí kò ní òrùlé, kò sí bí olórin ṣe lè tẹ́ oníjó lọ́rùn kí ó má rú òfin.

Ta ni ó kọ́kọ́ dé? Ìbéèrè yìí kò lè parí ìjà, nítorí pé ìlú kan náà ni ó bí àwọn méjèèjì. Èyí tí ó yẹ kí a máa bi ara wa ni ẹni tí yóò san owó òrùlé àti ògiri tí ó nípọn. Ẹni tí ó ń sùn kò rí kọ́bọ̀ gbà nínú owó ìwọlé. Ẹni tí ó ń jèrè ìlù ni ó yẹ kí ó mọ ògiri yí i ká, kí ìjọba sì rí i pé ó mọ ọ́n kí ó tó fún un ní ìwé àṣẹ.